Kí Ẹ Tó Ra Ilẹ̀kùn Gíláàsì Ńlá Síhà Ọgbà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Àsèrò, Ọbáńtokò àti káàkiri Àbẹ́òkúta, bí ẹ bá fẹ́ ilẹ̀kùn gíláàsì fífẹ̀ láti pálọ̀ sí ọgbà, ẹ má wo ẹwà nìkan.

Gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le, tí wọ́n ń pè ní tempered, ni kí ẹ béèrè. Bó bá fọ́, á rún wómúwómú, kò ní ya bí ọ̀bẹ sí ọmọ lára. Ẹ wo igun rẹ̀, wọ́n sábà máa ń tẹ àmì sí i. Wọn kì í gé e mọ́ tí wọ́n bá ti fi iná mú un le tán, nítorí náà kí bíríkìlà rẹ́ ògiri tán kí oníṣẹ́ álúmíníọ̀mù tó wọ̀n ọ́n.

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni wàhálà wà jù. Ìlú àpáta la wà; omi òjò á kàn ya wá láti òkè ni. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìta rẹlẹ̀ ju ti pálọ̀, kó sì rọra fì kúrò lára ilé. Ẹ tún wo irin tí ilẹ̀kùn ń yí lórí rẹ̀: ó yẹ kó ní ihò tóóró níhà ìta tí omi á gbà jáde. Àwọn oníṣẹ́ kan a máa fi sílíkóònù dí i pa (ẹ bá mi bi wọ́n ìdí rẹ̀!). Eruku ọyẹ́ náà ń dí i. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló ń yọ ọ́ dáadáa.

Bí ọgbà bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ ṣe ìbòòji síta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oòrùn á dín yín ní pálọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ ka nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ owó láti ìbẹ̀rẹ̀.