Bí a ṣe ń ṣe níkẹ́ẹ̀lì tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ

Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ní HRL Laboratories ní Malibu, ìpínlẹ̀ California, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Caltech àti University of California, Irvine, gbé irin kan jáde tí cc kan rẹ̀ wọn mílígíráàmù 0.9 péré. Afẹ́fẹ́ tó kún cc kan náà tó mílígíráàmù 1.2. Síbẹ̀ kò lè fò, torí afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde nínú rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àwọn mìíràn ti ṣe ohun tó fúyẹ́ jù ú lọ láti ìgbà náà: ní 2013, Yunifásítì Zhejiang ní Ṣáínà fi graphene (kábọ̀nù tó tínrín bí awọ) ṣe èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 0.16 ní cc kan. Níkẹ́ẹ̀lì yìí ló ṣì dára jù láti fi kọ́ iṣẹ́ náà, torí èèyàn ló ń yan gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀.

Àwọ̀n ọ̀pá tínńtín ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. A ó fi rẹ́síìnì (ohun olómi tó máa ń gan di ike) ṣe àwọ̀n náà, a ó fi níkẹ́ẹ̀lì bò ó, a ó sì yọ rẹ́síìnì kúrò. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń da idẹ ní Ifẹ̀ ti mọ ìdajì rẹ̀: wọ́n á fi ìda mọ orí, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda dànù, wọ́n á wá da idẹ sí àyè rẹ̀. Àwa ò ní da nǹkan kan sí àyè tó bá ṣófo.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò

Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá gùn ní mílímítà 4 láti oríkèé kan sí èkejì, kó fẹ̀ ní mílímítà 0.5, kó dagun ní dígírì 60 sí ilẹ̀, kí awọ níkẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì nípọn ní nánómítà 120. Ẹyọ irun orí kan nípọn ju awọ yẹn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 500. Ìdá irin tó wà nínú gbogbo àyè náà ni:

0.5 × 0.00012 × 6.28 ÷ (4 × 4) ÷ 0.2165 = 0.000109

0.00012 ni nánómítà 120 bí a bá fi mílímítà kà á, 6.28 sì ni π lọ́nà méjì. Dígírì 60 nìkan ni 0.2165 wà fún. Níkẹ́ẹ̀lì tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ nínú wọn nǹkan bíi gíráàmù 8 ní cc kan, nítorí náà ohun tí a máa rí jẹ́ mílígíráàmù 0.87. Bí awọ bá fi lè di nánómítà 500, ó di 3.6.

Ìmọ́lẹ̀

Rẹ́síìnì thiol-ene ni kí ẹ lò. Bí ìmọ́lẹ̀ UV (èyí tí ojú kì í rí) bá ti mú un gan, ibi tó gan yẹn á há ìmọ́lẹ̀ mọ́ inú ara rẹ̀ bíi wáyà fáíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ìmọ́lẹ̀ á sì máa gbẹ́ ọ̀nà tirẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ìdí kejì ni pé kọ́sítíìkì sódà lè tú u ká. Ọ̀pọ̀ rẹ́síìnì tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D máa ń wú nínú kọ́sítíìkì kó tó kúrò, wíwú yẹn á sì fa awọ níkẹ́ẹ̀lì ya.

Ẹ da rẹ́síìnì sínú àwo dé mílímítà 14, èyí tó gba ìpele méjì. Ẹ fi gíláàsì dúdú tó ní ihò roboto bò ó: ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 0.5, wọ́n tò ní onígun mẹ́rin, láti àárín ihò kan sí àárín èkejì jẹ́ mílímítà 2.83. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin ló máa wọlé láti ọ̀nà mẹ́rin, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ìlà tó lọ láti igun sí igun, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe jù. Ẹ má gbé iná sí dígírì 60. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ bó bá wọ rẹ́síìnì, nítorí náà iná gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi dígírì 41 sí ilẹ̀ kó tó di 60 nínú. Bí ẹ bá gbé e sí 60, ó di 70 nínú, oríkèé á sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ ń retí rẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọ̀pá á fi gan. Bó bá pẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ tó ń jò á mú àárín àwọn ọ̀pá gan, àwọ̀n á di bíríkì. Bó bá yá jù, ọ̀pá á rọ̀, á sì wó nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Ẹ fi toluene ṣan rẹ́síìnì tí kò gan kúrò, kí ẹ tún fi UV àti ooru mú ìyókù le.

Níkẹ́ẹ̀lì

A kì í lo iná mànàmáná, torí ìta ló máa ń bò nípọn, inú á wà ní ìhòòhò. Kẹ́míkà ni kó ṣe é. Ẹ rì àwọ̀n sínú omi tin chloride (gíráàmù 10 ní lítà kan, pẹ̀lú hydrochloric acid), ẹ fi omi tí wọ́n sè gba ooru rẹ̀ ṣàn án, lẹ́yìn náà sínú palladium chloride (gíráàmù 0.1 sí 0.25 ní lítà kan, pẹ̀lú acid náà). Palladium wọ́n, ẹ má dà á nù.

Omi níkẹ́ẹ̀lì ní nickel sulphate gíráàmù 25 sí 30 ní lítà kan, sodium hypophosphite bíi ìwọ̀n kan náà, àti lactic acid tó ń di níkẹ́ẹ̀lì mú. pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tó) gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.5 sí 5. Bó bá gbóná dé 85 sí 90 °C, ó ń bo nǹkan ní máíkírómítà 10 sí 20 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé nánómítà 120 á parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 45. Kò sí ọwọ́ tó yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kó lè falẹ̀.

Láti mọ ìgbà tí ẹ máa yọ ọ́, ẹ mú pẹlẹbẹ rẹ́síìnì kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó sì gùn ní 10, tí ojú méjèèjì jọ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 100 lápapọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ rì í fún àkókò tí ẹ fẹ́ dánwò, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá wúwo sí i ní nǹkan bíi mílígíráàmù 10, awọ rẹ̀ ti dé 120. Òṣùwọ̀n tó ń ka 0.1 mílígíráàmù ló lè ṣe é.

Ẹ máa mi àwọ̀n náà. Gáàsì hydrogen ń jáde nínú omi yìí, bí fóòmù rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, ihò á wà níbẹ̀. Iná kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Níkẹ́ẹ̀lì ń fa ẹ̀hun, ó sì lè fa jẹjẹrẹ, torí náà ẹ lo ìbọ̀wọ́, ẹ má sì da ìyókù sí gọ́tà.

Yíyọ rẹ́síìnì

Ẹ fi sáńpépà ha orí àti ìsàlẹ̀ àwọ̀n kí ẹnu ọ̀pá lè là. Ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ bá ṣì dí, rẹ́síìnì á kù sínú rẹ̀. Ẹ wá rì í sínú kọ́sítíìkì sódà, gíráàmù 120 ní lítà kan, ní 60 °C fún wákàtí 24. Kọ́sítíìkì yìí làwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, wọ́n sì mọ òfin rẹ̀: ẹ da kọ́sítíìkì sínú omi, ẹ má da omi sórí kọ́sítíìkì. Ẹ lo ike polypropylene, torí ó máa ń jẹ ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù. Kì í jẹ níkẹ́ẹ̀lì.

Gbígbẹ

Bí ẹ bá kàn gbé e síta kó gbẹ, omi tó ń gbẹ á fa awọ méjì pọ̀, àwọ̀n á wó bíi kànìnkànìn tí wọ́n tẹ̀. Ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ mú un dì, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń sọ yìnyín di oru láì jẹ́ kó yọ́ gbẹ ẹ́.

Ẹ fi ọ̀kan dánwò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì gíga rẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2011 padà sí nǹkan bí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀. Oríkèé máa ń ya díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, á sì rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Bó bá fọ́ tí kò padà, awọ rẹ̀ ló nípọn jù, bóyá ó ti kọjá máíkírómítà kan. Ẹ dé èyí tó kù mọ́ inú àwo, torí mímí èèyàn lásán lè gbé e kúrò lórí tábìlì.