Bí A Ṣe Ń Kópa Nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ya Àwòrán Iṣẹ́

Ìwé ìtọ́nisọ́nà tó ń bá sọ́fítíwíà CAD, ìyẹn èyí tí a fi ń ya àwòrán iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, wá lè ṣàlàyé ohun tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ ìgbà tí kò yẹ kí èèyàn fọwọ́ kan àṣẹ náà rárá. Ẹnu àwọn tó ti fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́ rí la ti ń gbọ́ ìyẹn, ohun tó sì ń mú kí àwọn tó ń lo sọ́fítíwíà kan náà máa kóra jọ nìyẹn. AUGI ni àjọ tó so àwọn tó ń lo sọ́fítíwíà ilé-iṣẹ́ Autodesk pọ̀ káàkiri àgbáyé, AutoCAD tó kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1982 sì wà lára àwọn sọ́fítíwíà náà. Àwọn tó ń lo SOLIDWORKS, sọ́fítíwíà tí a fi ń ya ẹ̀yà ẹ̀rọ tó jáde ní ọdún 1995, ní àjọ tiwọn tó ń jẹ́ SWUGN. Àmọ́ ẹgbẹ́ kékeré tó ń pàdé nítòsí ẹni, bí èèyàn mẹ́wàá tàbí ogún nínú yàrá kan, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí níhìn-ín. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé àwòrán tirẹ̀ wá máa ń jèrè ju ẹni tó gbé etí nìkan wá lọ.

Láti rí ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe sọ́fítíwíà yín, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń to àwọn ẹgbẹ́ olùlò síbẹ̀ ní agbègbè-agbègbè. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta láísẹ́ǹsì fún yín, tàbí lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti ìyàwòrán ilé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà nítòsí. Àwọn ẹgbẹ́ kan dúró lórí sọ́fítíwíà kan ṣoṣo, àwọn mìíràn sì kó àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà jọ láìka ohun tí wọ́n fi ń ṣe é sí. Bí méjèèjì bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó, tèmi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti iṣẹ́, nítorí kò ṣòro láti rí ibi tí bọ́tìnì kan wà, ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń ya àwòrán irin ilé ṣe ń to ìwé iṣẹ́ wọn kí alágbẹ̀dẹ má baà ṣì í kà, ọwọ́ wọn nìkan ni èyí wà.

Ẹ lọ sí ìpàdé méjì kí ẹ tó pinnu bóyá ẹgbẹ́ náà bá yín mu, kí ẹ sì kíyè sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kò burú kí olùtajà sọ́fítíwíà san owó yàrá tàbí kó fi ohun tuntun hàn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìpàdé méjèèjì, ọjà lẹ lọ, kì í ṣe ẹgbẹ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mọ ẹ̀dà sọ́fítíwíà tí ẹ ń lò dájú, torí pé òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi yín, ó sì ń pinnu bóyá ẹlòmíràn á lè ṣí fáìlì yín. AutoCAD 2025 ṣì ń lo irú DWG, ìyẹn fáìlì àwòrán AutoCAD, tí AutoCAD 2018 bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní ẹ̀dà 2018 lè ṣí ohun tí ẹni tó ní 2025 fi pamọ́. Ti Revit, sọ́fítíwíà Autodesk tí a fi ń ya àwòrán ilé, kò rí bẹ́ẹ̀: fáìlì tí a bá ti fi pamọ́ nínú ẹ̀dà tuntun kò ṣeé ṣí nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà láti dá a padà sí ti àtijọ́. Bí àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yín bá ń lo oríṣiríṣi sọ́fítíwíà, ẹ mú irú fáìlì tí oríṣiríṣi sọ́fítíwíà lè ṣí dání: STEP fún ohun tó ní gígùn, ìbú àti gíga (3D), DXF fún àwòrán pẹlẹbẹ, pẹ̀lú PDF tí ẹnikẹ́ni lè fi fóònù wò.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni bí a ṣe ń gbé ìbéèrè kalẹ̀. Ẹ má ṣe gbé odindi iṣẹ́ oníbàárà wá. Ẹ da fáìlì náà kọ, ẹ pa orúkọ ilé-iṣẹ́, àdírẹ́sì àti àpótí àkọlé rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì máa yọ ohun tó wà nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa ku apá tó kéré jù lọ tí àléébù náà ṣì ń fara hàn nínú rẹ̀. Nínú AutoCAD, ẹ lo PURGE láti kó ohun tí a kò lò kúrò, kí ẹ lo AUDIT láti yẹ àṣìṣe inú fáìlì wò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ETRANSMIT di í pọ̀ mọ́ àwọn fáìlì mìíràn tó gbára lé. Pack and Go ló ń ṣe irú iṣẹ́ dídì yìí nínú SOLIDWORKS, kò sì yẹ kí ẹ fò ó, nítorí fáìlì àkópọ̀ tó bá dé ibi ìpàdé láìsí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kì í ju àpótí òfìfo lọ. Nígbà mìíràn, bí ẹ ṣe ń yọ nǹkan kúrò báyìí, ìdáhùn á jáde fúnra rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì. Ẹ ṣì lọ sípàdé, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí.

Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti agbanisíṣẹ́, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ka àwòrán sí ohun àṣírí, bí ẹ sì ti pa orúkọ rẹ́ kò túmọ̀ sí pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò ní dá a mọ̀.

Ẹ wá kọ nǹkan mẹ́ta sínú ìwé: ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ṣe ní sísẹ̀-ń-tẹ̀lé, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó hàn lójú kọ̀ǹpútà láìyí i padà. Ẹni tó bá sọ pé “hatch mi kò ṣiṣẹ́” (hatch ni àwọn ìlà tí a fi ń kún inú apá kan lórí àwòrán) á gba ìmọ̀ràn mẹ́wàá tí kò bára mu. Ẹni tó bá sọ pé hatch kò fẹ́ kún inú ilé kan tó wà lórí àwòrán tí awọnlẹ̀ fún òun, tí àwọn nọ́ḿbà ipò rẹ̀ sì wọ mílíọ̀nù, á rí ẹni tó máa sọ lójú ẹsẹ̀ pé àwòrán náà jìnnà jù sí orísun, ìyẹn ibi òdo. Kọ̀ǹpútà kò lè di ju nǹkan bí àmì nọ́ḿbà 15 tàbí 16 mú fún ipò kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ḿbà tó ṣáájú ojú ìdá mẹ́wàá bá ti gba púpọ̀ nínú wọn, díẹ̀ ló máa ṣẹ́kù fún ìṣirò kéékèèké. Irú rẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń ráhùn pé ẹ̀yà ẹ̀rọ òun ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí òun bá tún ìwọ̀n kan ṣe nínú SOLIDWORKS. Onímọ̀ tó jókòó tì í á kàn wo àwọ̀ àwọn ìlà náà: èyí tó ṣì jẹ́ búlúù ni a kò tíì dè tán, dúdú ni wọ́n máa ń dà tí gbogbo ìwọ̀n bá ti pé.

Nígbà ìpàdé, ẹ má ṣe gbìyànjú láti kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Orúkọ àṣẹ náà àti ohun tó yanjú ti tó, kí ẹ sì dán an wò lórí iṣẹ́ yín láàárín ọjọ́ méjì. Àríyànjiyàn nípa sọ́fítíwíà tó dára jù kì í tán, mi ò sì tíì rí ẹni tó tipasẹ̀ rẹ̀ parí iṣẹ́ kankan.

Ìṣọ́ra kan ṣe pàtàkì. Bí ẹnì kan bá pín ìwé àṣẹ AutoLISP, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ tuntun fún AutoCAD, fún yín, ẹ ṣí i kà kí ẹ tó lò ó, torí àwọn kòkòrò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ acad.lsp, tí wọ́n sì ń bá fáìlì àwòrán rìn láti fódà kan sí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí SECURELOAD, ètò AutoCAD tó ń kìlọ̀ kí irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ tó wọlé, wà ní títàn, kí ẹ má sì ṣe pa á nítorí pé ìkìlọ̀ rẹ̀ ń yọ yín lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìpàdé bíi mẹ́ta, ẹ bèèrè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti fi ohun kan ṣoṣo hàn. Kò pọn dandan kó jẹ́ ohun ńlá: bí ẹ ṣe ń sọ layer, ìyẹn àwọn ìpele tí a pín àwòrán sí, lórúkọ kí ẹlẹ́gbẹ́ yín lè rí ohun tó ń wá láìbéèrè, ó tó. Ẹ ya á níwájú wọn dípò kí ẹ máa fi àwòrán tó ti parí hàn, kí ẹ sì máa fi ohùn òkè dárúkọ àwọn kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń tẹ̀, torí ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò rí ìka yín. Ẹ sọ lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà di ńlá, ẹ pa àwọn ìfitónilétí gbogbo, kí ẹ sì fi ipele kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí iṣẹ́ lè máa lọ bí sọ́fítíwíà bá kú lójijì.

Ohùn ẹgbẹ́ tún ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ju ohùn ẹnì kan ṣoṣo lọ. AUGI ti kó ìbéèrè àwọn olùlò jọ rí, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Autodesk, àwọn olùlò SOLIDWORKS pẹ̀lú sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dìbò yan ohun mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà tún ṣe. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń kó irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jọ, ẹ fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ gidi ti tiyín lẹ́sẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ gba èyí tó kéré, bíi kíkọ ohun tí a yanjú ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà sọ́fítíwíà àti ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ìdáhùn tó tọ́ fún ẹ̀dà kan lè má tọ́ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan bá sì fún yín ní ìmọ̀ràn, ẹ padà sọ fún un ní ìpàdé tó kàn bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, kí ẹ mú fáìlì náà dání.