Bí mo ṣe po lọ́fínńdà lítà 5 nínú yàrá kan n'Íbàdàn

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń po lọ́fínńdà nínú ilé, ìgò kékeré mílílítà 30, fún èmi fúnra mi, fún àwọn àbúrò mi, àti fún ẹni tó bá gbóòórùn rẹ̀ lára mi ní ṣọ́ọ̀ṣì tó sì lówó lọ́wọ́. Ẹ̀kán ni mo fi ń ṣe ìṣirò: ẹ̀kán 18 nínú òróró olóòórùn yìí, ẹ̀kán 11 nínú tọ̀hún, kí n wá fi ọtí kún ìgò. Kò já mi kulẹ̀ rí.

Àfi ìgbà tí ìyá ìyàwó kan pè mí. "Ẹ kúùṣẹ́ o. Ìgbéyàwó ọmọ mi ku oṣù méjì. Lọ́fínńdà yín yẹn ni mo fẹ́ pín fún àlejò. Ìgò 100, ẹ jẹ́ kó tóbi díẹ̀." Mo ní kò sí wàhálà, Mà. Ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ lọ́jọ́ náà.

Ìgò 100 onímílílítà 50, lítà 5 nìyẹn. Mo mú ìwé àti báírò, mo fẹ́ sọ ẹ̀kán inú ìgò kan di ti lítà 5. Ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kán. Ta ni yóò jókòó ka ìyẹn? Mo wá ní kí n kúkú mọ ohun tí ẹ̀kán kan wọ̀n. Mo gbé òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò sórí tábìlì, mo kán òróró bergamot, èso kan tó jọ ọsàn, sí i ní ìgbà 20: gíráàmù 0.43. Mo nù ún, mo kán òróró fàǹílà tó ki bí oyin ní ìgbà 20: 0.61. Mo tún un ṣe, bákan náà ni. Gbogbo ọdún tí mo ti ń pariwo pé "èyí àti èyí dọ́gba", irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Nínú ìgò kékeré kò hàn. Nínú lítà 5, fàǹílà ì bá ti gbé gbogbo yòókù mì.

Láti ọjọ́ yẹn, gíráàmù ni mo fi kọ gbogbo ìwé mi. Nínú gíráàmù 100, òróró kó 20, ọtí kó 80. Ohun kan sì wà tó fẹ́ rú mi lójú níbẹ̀: lítà 5 kì í ṣe kílò 5. Ọtí fúyẹ́ ju omi lọ, lítà kan àpòpọ̀ mi ò sì ju nǹkan bíi gíráàmù 830. Kílò 4 lé díẹ̀ ni lítà 5 ń jẹ́. Mo fi sí kílò 4 ààbọ̀, òróró 900, ọtí 3,600, torí pé asẹ́ á mu tirẹ̀, ọwọ́ á da díẹ̀ nù, ẹni tó ní òun kàn fẹ́ fín in wò náà kò ní ṣàìwá.

Mi ò bẹ́ sórí lítà 5 lójú kan náà, Ọlọ́run ló ṣe é. Ààbọ̀ lítà ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo ra ọtí lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó búra pé 96 ni, ìyẹn pé nínú ìdá 100 rẹ̀, 96 jẹ́ ọtí gidi, ìyókù ni omi. Bí mo ṣe da ọtí lé òróró báyìí, gbogbo rẹ̀ funfun báláú bí omi ògì. Àbúrò mi yọjú sí i: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fi mílíìkì sí i ni?" Mo ní kó jẹ́ kí n mí. Nígbà tó di àárọ̀, òróró ti léfòó, ó ń dán lórí rẹ̀ bí ọbẹ̀ tó ti tutù.

Mo fi síríńjì fa mílílítà 100 nínú ọtí ọ̀hún, mo gbé e ka òṣùwọ̀n. Gíráàmù 87. Ọtí 96 gidi ò yẹ kó ju 80 sí 81 lọ. Wọ́n ti bu omi sí i, òróró àti omi kì í sì í ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì padà, ọkùnrin náà ní oòrùn ló ṣe é. Oòrùn wo ló ń bu omi sí ọtí? Mi ò rówó mi gbà. Ọjọ́ta l'Ékòó ni mo ti lọ ra òmíràn, lọ́wọ́ ẹni tó fún mi ní ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ kí n tó sanwó. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì, torí òṣùwọ̀n ò lè dá ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí mo ń lò yìí, mọ̀ yàtọ̀ sí mẹ́tánọ́ọ̀lù, oríṣi ọtí mìíràn: ìwúwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n májèlé ni mẹ́tánọ́ọ̀lù, ó sì ń gba ara wọlé.

Bergamot náà, mo pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fún látinú èèpo lásán ní ohun kan nínú, bergapten, tó máa ń mú kí oòrùn jó awọ ara. Lára èmi nìkan, mo lè dákẹ́. Lára 100 àlejò tí wọn yóò jókòó sábẹ́ kánópì lọ́sàn-án gangan, rárá. Èyí tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ ni mo rà.

Ọ̀rọ̀ iná ló ń bà mí lẹ́rù jù. Èéfín ọtí yìí lè gbaná nínú ooru tí kò tó ti yàrá wa rárá, ọwọ́ iná rẹ̀ sì jẹ́ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jẹ́ pé lójú ọ̀sán o lè má rí i. Mo gbé ìdáná gáàsì jáde, mo ṣí fèrèsé méjèèjì, mo sọ fún aládùúgbò wa pé kó jọ̀ọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé. Wọ́n mú iná lọ láàárín iṣẹ́ lóòótọ́. Àbúrò mi ti mú àbẹ́là lọ́wọ́. Mi ò mọ irú igbe tí mo ké.

Òróró ni mo kọ́kọ́ wọ̀n pọ̀ sínú ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ òṣùwọ̀n padà sí òdo kí n tó da òmíràn. Ẹ má fi kọ́ọ̀pù aríyá wọ̀n ọ́n o. Mo fi ọ̀kan bu òróró ọsàn, ìdí rẹ̀ yọ́ sílẹ̀ lójú mi. Àpòpọ̀ òróró yìí sùn fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó da ọtí sí i, mo sì rò ó jẹ́jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó mọ́ gaara bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Mo pín in sínú ìgò gíláàsì ńlá mẹ́ta, mo kún wọn débi ọrùn kí afẹ́fẹ́ má ráyè, mo tì wọ́n mọ́ inú wọ́dúróòbù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí, fíríìjì ọjọ́ méjì, ìdérí dì pinpin, torí fíríìjì ilé náà máa ń ta iná nínú. Òtútù ló ń mú ohun tí kò bá yọ́ dáadáa jáde, kí ó má baà jẹ́ inú ìgò oníbàárà ló ti máa farahàn. Mo sì sẹ́ ẹ ní tútù, pẹ̀lú bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí nínú àrọ. Fún mílílítà 30, ìṣẹ́jú méjì. Fún lítà 5, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí wọ́n fi ké ìrun àṣálẹ́, mo ń pààrọ̀ bébà, mo ń fi àwo bo àrọ kí ọtí má fò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kó wá asẹ́ tó tóbi.

Àbúrò mi ló fi síríńjì rọ ọ́ sínú ìgò, ó ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè torí ọtí máa ń wú nínú ooru. Ìgò 103 ló jáde. A dojú gbogbo wọn dé sórí ìwé ìròyìn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bébà ti tutù lábẹ́ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn tó dára wà nínú wọ́dúróòbù títí di ìsinsìnyí, mo kọ déètì àti gíráàmù sí i lára, òun ni mo máa fi wé tuntun.

Ìyá ìyàwó fín in sí ìka ọwọ́, ó fi kan imú, ó ní, "Ṣùgbọ́n ti tẹ́lẹ̀ yẹn kò dùn tó èyí." Mi ò sọ fún un pé tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ààbọ̀ lítà tó di omi ògì ṣì wà nílé. A fi ń fọ ilé ìwẹ̀.