Bí a ṣe ń wá ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń lọ, ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Rírí dókítà ojú kọ́ ló ṣòro ní agbègbè wa yìí. Ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn tí dókítà bá ti sọ tirẹ̀ tán ló ń ṣòro. Mo ti rí ìdílé tó pọ̀ tí wọ́n gbé bàbá wọn ti ọsibítù dé, tí wọ́n fi í jókòó sí pálọ̀, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀, tí wọ́n sì gbà pé ìtọ́jú náà nìyẹn. Bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn nígbà Kérésìmesì á di ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ lọ ilé ìwẹ̀ kí Àjíǹde tó dé. Nítorí náà, ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni n ó ti sọ̀rọ̀ jù. Ibi tó rọrùn, ẹ ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọsibítù lákọ̀ọ́kọ́

Ẹni tó ń ta awò ojú lójú ọjà kì í ṣe dókítà ojú, bó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa tàn tó. Ará Ṣágámù ní OOUTH, ọsibítù Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, nítòsí. Ará Ìlíṣàn àti Ìkẹ́nnẹ́ ní ọsibítù Yunifásítì Babcock. Ẹni tó wà lápá Ìjẹ̀bú-Òde lè bẹ̀rẹ̀ ní State Hospital, tàbí kó gba Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lọ, níbi tí Eye Foundation ní ọsibítù ojú sí. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ìwọ̀nyí lọ, àwọn ọsibítù ńláńlá, UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ló kù.

Ẹ béèrè ọjọ́ tí dókítà ojú máa ń jókòó, kí ẹ tó wọkọ̀. Èrò máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè; Túsìdeè ni èmi máa ń mú èèyàn lọ, ẹ̀yin náà ẹ lọ ní Túsìdeè. Ẹ kó gbogbo oògùn ojú tó ti lò rí, títí dé ìgò tó ti gbẹ, àti awò àtijọ́ sínú náílọ́ọ̀nù kan. Ẹ má gbé ọ̀kadà lọ. Wọ́n lè kán oògùn tó ń fẹ ẹyinjú sí i lójú, kò sì ní ríran dáadáa fún wákàtí mélòó kan, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á sì máa ta á. Ẹni kan gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Kẹ́nikẹ́ni má sì ti abẹ́rẹ́ bọ ojú rẹ̀ kó tó débẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ti ohun funfun inú ojú sẹ́yìn. Ojú á mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gbowó, wọ́n á lọ, ìrora á dé lẹ́yìn wọn. Nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 àti 2007, nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti fọwọ́ kàn nítorí cataract, ìyẹn ohun funfun inú ojú yẹn, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé irú abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi ṣe é. Ìwádìí yẹn kan náà sọ pé cataract ló fọ́ ojú 43 nínú 100 àwọn tí kò ríran láti ẹni 40 ọdún sókè. Ọ̀fọ̀ ńlá ni, torí cataract ni iṣẹ́ abẹ lè tún ṣe. Glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ló yàtọ̀: èyí tó ti lọ kì í padà. Oògùn rẹ̀ kì í mú ojú mọ́lẹ̀ sí i, èyí tó kù ló ń dì mú. Ẹni tó bá jù ú nù nítorí pé kò rí ìyàtọ̀, ó ń ju ojú rẹ̀ nù ni. Kí àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀ náà lọ yẹ ojú wò, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń bà á jẹ́

Dókítà á sọ pé, “Kò sí iṣẹ́ abẹ tí a lè ṣe mọ́.” Ìdílé á ti bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n á fa bàbá dìde, wọ́n á gba káàdì, wọ́n á jáde. Níbi tí wọ́n ti jáde yẹn ni gbogbo ẹ̀ ti dàrú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ni dókítà ń sọ. Kò tíì sọ pé bàbá kò lè kàwé, rìn, tajà tàbí dáná mọ́, ẹ kò sì tíì bi í.

Ẹ jókòó padà, ẹ béèrè báyìí: “Dókítà, kí ló kù tí ojú yìí lè ṣe, ta ló sì lè kọ́ wa bí a ó ṣe lò ó?” Nílé ìwòsàn ńláńlá, wọ́n ní ibi tí wọ́n ń pè ní low vision. Gíláàsì tó ń sọ lẹ́tà di ńlá àti iná tó yẹ fún kíkàwé ni wọ́n ń gbé síwájú èèyàn níbẹ̀. Wọn kì í sábà rán yín lọ bí ẹ kò bá béèrè. Èrò ti pọ̀ lẹ́yìn yín, nọ́ọ̀sì sì ti ń pe orúkọ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé. Ìwé yìí ni mo ń bẹ̀ yín lé lórí. Káàdì ọsibítù kì í ṣe ìwé náà, rìsíìtì kì í ṣe òun náà. Ìwé tí mo ń wí gbọ́dọ̀ wà lórí pépà ọsibítù, kí ó ní déètì, ìfọwọ́sí dókítà àti òǹtẹ̀. Kí ó dárúkọ àìsàn náà. Kí ó kọ nọ́ńbà ojú ọ̀tún sọ́tọ̀, ti òsì sọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí 6/60, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ẹni tó ríran dáadáa ń rí láti mítà 60, òun gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn dé mítà 6 kó tó rí i. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ń ka ẹni tí ojú rẹ̀ tó sàn jù kò tó 3/60 sí ẹni tí kò ríran.

Nọ́ńbà nìkan kò sì tó. Ẹni tó ní glaucoma lè ka lẹ́tà ara ògiri dé ìsàlẹ̀, kó wá jáde níbẹ̀ kó kọlu ilẹ̀kùn, torí pé ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń kọ́kọ́ kú. Irú wọn ni àwọn ará ilé máa ń sọ pé wọ́n ń díbọ́n: “Ṣé kì í ṣe ìwọ lo rí owó tó já bọ́ ní àná?” Nítorí èyí, ẹ ní kí dókítà kọ bí ibi tí ojú ń rí ṣe gbòòrò tó síbẹ̀, kí ó sì kọ bóyá àìsàn náà ṣì ń lọ síwájú.

Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ́fíìsì tí ẹ bá dé lẹ́yìn èyí, ìwé yìí ni wọ́n á béèrè. Ẹni tí kò gbà á lọ́jọ́ náà á tún sanwó ọkọ̀ padà, á tún tò, dókítà mìíràn á wá ní òun kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tún ojú yẹ̀ wò. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́fà, ẹ yà á sórí fóònù ẹni méjì. Ẹ má ṣe laminéètì ojúlówó rẹ̀; ọ́fíìsì mìíràn lè fẹ́ lu òǹtẹ̀ lé e.

Ohun kan tún wà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ojú fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ṣé wọ́n ń rí mi?” tí wọ́n máa ń bi ọmọ, nígbà tí ìyá jókòó síbẹ̀ tí etí rẹ̀ pé, kò bójú mu. Bí ẹ bá ń dáhùn fún un lọ́dọ̀ dókítà, ẹ ó dáhùn fún un ní báǹkì, láìpẹ́ kò ní í dáhùn mọ́.

Ọ́fíìsì àti ẹgbẹ́

Ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní káńsù yín. Kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń ṣojú Nigeria Association of the Blind àti JONAPWD, ẹgbẹ́ gbogbo àwọn aláàbọ̀ ara, lágbègbè yín. Ọ̀nà àbùjá mi rèé: bí ẹ bá mọ afọ́jú kan tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń kọ́ni níléèwé, ẹ fi wẹ́fíà sílẹ̀ ná, ẹ lọ bá a. Wákàtí kan lọ́dọ̀ ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá sàn ju ọ̀sẹ̀ kan ní káńsù. Òfin ọdún 2018 tó dáàbò bo aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn lórí ìlà. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ rán àwọn òṣìṣẹ́ létí, ẹ kò ní láti jà.

Ilé ẹ̀kọ́

Fún àgbàlagbà, Federal Nigeria Society for the Blind ní Òṣòdì ni mo kọ́kọ́ ń dárúkọ. Láti 1955 ni ẹgbẹ́ náà ti wà. Wọ́n ń kọ́ni ní Braille, ìwé tí a ń fi ìka kà, bí a ṣe ń fi ọ̀pá rìn, kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ọwọ́. Fún ọmọdé, Pacelli, iléèwé àwọn ọmọ tí kò ríran, wà ní Súúrùlérè láti 1962. Bí olùkọ́ ọmọ yín bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tí kò ríran, Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́ ni kó lọ. Ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé: láti 2017 ni JAMB ti ní ètò pàtàkì fún àwọn tí kò ríran. Ẹ pe ilé ẹ̀kọ́ lórí fóònù kí ẹ tó lọ, torí wọn kì í gbani wọlé nígbàkigbà.

Kó tó dé ibẹ̀

Ẹ ra ọ̀pá funfun. Kó gùn láti ilẹ̀ dé egungun àárín àyà. Ọ̀pá àgbà tí bàbá fi ń tì ara rẹ̀ kúrú jù fún iṣẹ́ yìí. Bí owó kò bá tíì sí, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oníná ń fi wáyà sí máa ṣe é fúngbà díẹ̀. Ẹ kùn ún ní funfun, ẹ fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń mú un rìn, ẹ má tì í níwájú. Òun ni kó di ìgúnpá yín mú, kó wà lẹ́yìn yín díẹ̀. Bí ara yín bá ṣe lọ sílẹ̀ níbi àtẹ̀gùn ló máa fi mọ̀.

Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ohùn méjèèjì papọ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, TalkBack, ohùn tó ń ka ojú fóònù, á jí. Bí kò bá jí, ẹ wá Accessibility nínú Settings. Tí ẹ bá fẹ́ pa á, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọ̀pọ̀ ló ń pariwo pé fóònù ti bàjẹ́ níhìn-ín: bí ẹ bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, kíkà ló ń kà á, ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá ló ń ṣí i, ìka méjì ni wọ́n sì fi ń yí ojú ìwé. Ti iPhone ń jẹ́ VoiceOver. Ẹ ra iyapíìsì kan fún un, kí gbogbo inú ọkọ̀ má baà gbọ́ iye tó wà ní báǹkì rẹ̀.

Nínú ilé, àmàlà sínú àwo funfun, fùfú àti ẹ̀bà sínú àwo tó dúdú, torí funfun lórí funfun kò ṣeé rí. Rọ́bà kan sí ìgò oògùn àárọ̀, méjì sí ti alẹ́. Náírà 100, 200, 500 àti 1,000, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, torí náà ká wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: 1,000 má ká, 500 ká lẹ́ẹ̀kan, 200 ká lẹ́ẹ̀mejì, 100 ká ní gígùn. Òun fúnra rẹ̀ ni kó ká a.

Fún owó, ẹ lọ bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀), ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ má sọ pé “ẹ ràn wá lọ́wọ́”. Ẹ sọ pé ọ̀pá, gíláàsì kíkàwé, tàbí owó ọkọ̀ Òṣòdì, kí ẹ kọ iye rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé dókítà tì í. Kí ó sì jẹ́ ṣáájú Iléyá, torí bí wọ́n bá ti ń sanwó aṣọ Ojúde Ọba, ẹ di ọdún tó ń bọ̀.