Ẹ Má Kọ Orí Poro sí Odò: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Dáko Lórí Òkè

Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, a rìn yíká oko àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé orí òkè Èkìtì. Gbogbo ibi tí ebè ti wó, tí iṣu yọ orí síta, ohun kan náà ni a ń bá níbẹ̀: láti òkè ni wọ́n ti fa poro wá sí ìsàlẹ̀, gbọọrọ, bí ẹni la ọ̀nà fún àgbàrá. Àwọn àgbẹ̀ yìí kan náà ló ń ráhùn pé ìsun tí àwọn ń pọn ti gbẹ kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó parí. Ẹjọ́ méjèèjì, ọ̀kan ni.

Òjò tó bọ́ sórí ilẹ̀ tí ewé bò máa ń gba ihò ekòló àti ojú ọ̀nà gbòǹgbò tó ti rà wọlẹ̀. Yóò lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan àpáta. Nígbà tí kò lè kọjá mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà, yóò máa rọra fà bọ̀ nínú ilẹ̀, oṣù dé oṣù, títí yóò fi sun jáde ní ẹsẹ̀ òkè. Omi yìí ni ẹ ń pọn nígbà ọyẹ́. Kódà lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ sórí òkè tí igbó bò, púpọ̀ nínú omi tó ń wọ odò, omi òjò àtẹ̀yìnwá ni. Tuntun ló tì í jáde. Irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń bọ́ odò Ọ̀ṣun, láti Ìgèdè-Èkìtì tó ti sun títí dé Òṣogbo, títí dé ọ̀sà.

Poro tó kọ orí sí odò kò fún òjò láyè àtiwọlẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: òjò mìlímítà 50 lórí pílọ́ọ̀tì kan, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, lé ní kéègì 900, kéègì onílítà 25. Ta ni yóò da kéègì 900 sí orí ebè rẹ̀, tí yóò ní kó má wó?

Wọ́n á ní, “Ọ̀gá, bí omi bá dúró, iṣu á rà.” Ní àkùrọ̀, òótọ́ ni. Lórí òkè, kò rí bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ ibẹ̀ ń mu omi, àfi ibi tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ pa. Ní oko kan, a gé orí àti ìdí agolo, a tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, a bu omi ife kan sí i. Lábẹ́ igi kòkó, omi ti wọlẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ tán. Nínú poro tí wọ́n ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, omi dúró. Ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀, ó ki ìka bọ agolo náà, ó ní, “Ó ṣì wà níbẹ̀.”

Ìdábùú òkè ni kí ebè gbà. Ojú lásán kò lè wọn ọ́n. Ẹ wá igi méjì tó gùn dọ́gba, mítà 2 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀kẹta tó jẹ́ mítà 1. Ẹ so orí àwọn gígùn pọ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ fi èyí kúkúrú dábùú wọn bíi lẹ́tà A. Ẹ so okùn mọ́ orí rẹ̀, kí òkúta máa fì ní ìdí okùn. Ẹ gbé e nàró, ẹ sàmì sí ibi tí okùn ti kan igi ìdábùú. Ẹ yí i padà, kí ẹsẹ̀ kan bọ́ sí ojú ẹsẹ̀ kejì, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ojú ìwọ̀n. Lóko, ẹ fi ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀, ẹ máa sún èkejì sókè sísàlẹ̀ títí okùn yóò fi bọ́ sójú ìwọ̀n, ẹ kan èèkàn, kí ẹ tún sún síwájú. Níbi tó dà gẹ́rẹ́ díẹ̀, kí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní mítà 20. Níbi tó dà púpọ̀, mítà 10. Kí ebè tẹ̀lé ìlà wọ̀nyí.

Nínú poro, ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fi ọkọ́ wọ́ ilẹ̀ dí i. Ìdínà yìí kò gbọdọ̀ ga ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ebè lọ. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, orí ebè ni omi yóò gbà kọjá, yóò sì ya á.

Ẹni tó ti kọ ebè rẹ̀ sí odò lọ́dún yìí kò ní tú u nígbà tí iṣu ti hù. Kó dí poro rẹ̀ ní mítà méjì-méjì, kó sì da koríko gbígbẹ lé e. Orí òkè ni kó ti bẹ̀rẹ̀! Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ya, òjò kan ṣoṣo a sì gbé gbogbo làálàá wọn lọ. A ti sọ èyí títí ó ti sú wa.

Mítà 10 lẹ́bàá odò àti yíká ìsun, ẹ má ṣán an, ẹ má dáná sun ún.

Ẹ̀yin tó kọ́lé sórí òkè, òrùlé páànù tó fẹ̀ ní mítà 8, tó sì gùn ní mítà 10, ń da lítà 4,000 sílẹ̀ nínú òjò mìlímítà 50 kan náà. Ẹ gbé dírọ́ọ̀mù sí i. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ darí rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kéré tán mítà 3 sí ìpìlẹ̀ ilé, kì í ṣe sí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò.

Láti oṣù Ọ̀pẹ, ẹ gbé kéègì onílítà 25 sábẹ́ ìsun yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú tó fi kún. Ẹ fi èédú kọ ọ́ sára ògiri, kí ẹ lè fi wé ti ọdún tó ń bọ̀.