Bẹ́ ẹ ṣe máa rìn nígboro Èkó lásìkò ooru tí ò fi ní dá yín wó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Èkó, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìlú òyìnbó wálé wá ṣe páátì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ooru oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin kì í ṣe ohun téèyàn ń fi jàgídíjàgan kojú. Ọjà ni mo máa ń gbé kiri fáwọn oníbàárà láti Ìdúmọ̀tà dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi àti dáńfó ni mọ́tò mi, ara mi ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bá yín jà ná. Ará Sókótó á ní tàwọn máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n ooru Celsius, tÈkó ò sì sábà ju 33, 34 lọ, síbẹ̀ tóun náà bá débí á máa mí hẹlẹ. Omi inú afẹ́fẹ́ ni. Òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ ti mumi yó, kò ráàyè gba òógùn tiyín mọ́, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ tí òógùn ń gbẹ yẹn ló ń jẹ́ kára tutù. Torí náà ẹ má kàn máa wá òjìji, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kẹ́ ẹ máa wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aago. Oòrùn Èkó kì í kan àtàrí laago méjìlá tẹ́ ẹ rò yẹn, ó máa ń tó nǹkan bí aago kan, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin, ọ̀gangan orí gan-an ló ń dúró sí, òjìji yín á wọ abẹ́ bàtà lọ, kò ní sílé tó máa ṣíji bò yín. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ṣe, ẹ tètè ṣe é kó tó di aago mẹ́wàá. Láàárọ̀, ẹ rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì tí oòrùn ti ń yọ, àwọn ilé ibẹ̀ ló máa bá yín dí i, tó bá dìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ sọdá sí òdìkejì. Ìrọ̀lẹ́ náà ní wàhálà tiẹ̀ ṣá, torí títì ọlọ́dà àti fẹ́ǹsì oníbúlọ́ọ̀kù ti jẹ oòrùn látàárọ̀, wọ́n á wá máa pọ̀ ọ́ sí yín lára. Ẹ gba àdúgbò tígi fúrúùtù tàbí dóńgóyárò bá wà, kó tiẹ̀ jìn díẹ̀. Abẹ́ páànù kì í ṣe òjìji o jàre, ṣe ló ń yan èèyàn bí àgbàdo.

Tẹ́ ẹ bá wọ dáńfó tó ń gba afárá Third Mainland lọ sí Island láàárọ̀, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí, torí ọwọ́ òsì loòrùn ti ń bọ̀. Nírọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá ń padà, apá ọ̀tún náà ni, oòrùn tó ń wọ̀ tún ti bọ́ sósì. Apá ọ̀tún yẹn náà ni ẹnu ọ̀nà kọ̀ndọ́ wà, atẹ́gùn ọ̀sà á máa fẹ́ yín lójú. Ẹ má sọ fún gbogbo èèyàn o.

Ìyá kan wà ní Balógun tó ń ta ìbọ̀sẹ̀, inú táyà àlòkù tí wọ́n da kọnkéré sí lagbòòrùn ńlá tiwọn dúró sí. Ẹ wò wọ́n fún wákàtí kan, ẹ máa rí i tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ti táyà yẹn díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé oòrùn, wọn ò ní dìde, wọn ò ní yéé ná ọjà. Àwa ọkùnrin la máa ń ní tobìnrin lagbòòrùn, èmi ti ra kékeré sápò, kẹ́ni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín máa rẹ́rìn-ín.

Aṣọ òwú tó fúyẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀, kó má fún yín lára, ẹ fi jẹ́sì bọ́ọ̀lù sílé. Ẹ máa mumi díẹ̀díẹ̀ kí òǹgbẹ tó gbẹ yín, píọ́ wọ́tà tútù kan kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi lé ẹ̀yìn ọrùn kẹ́ ẹ tó já a. Ẹni tó bá làágùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, omi nìkan ò tó, kó jẹun tó níyọ̀ nínú. Ẹ̀yin ará ìlú òyìnbó, ara máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó mọ́ ooru lára, tẹ́ ẹ bá wá ń jókòó sínú AC látàárọ̀ dalẹ́, kò ní mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ kan ní Ọ̀ṣòdì, òòyì kọ́ mi, èébì ń gbé mi, ojú mi ṣú, mo ṣì ń ru ọjà lọ, àfìgbà tí alágbo kan fà mí jókòó tó ju omi sí mi lórí. Tẹ́ ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ dúró, ẹ wá òjìji, ẹ tú aṣọ ọrùn, ẹ mumi. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rẹ́ni tára ẹ̀ gbóná bí iná tó wá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ti dákú, ọsibítù ni kẹ́ ẹ máa gbé e lọ, kẹ́ ẹ máa da omi sí i lára kẹ́ ẹ sì máa fẹ́ ẹ lójú ọ̀nà, ẹ má da omi kankan sí i lẹ́nu.