Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá, ẹ má ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe n'Íkòròdú

Ó ti lé lọ́dún 6 tí mo ti ń sin ajá nílé wa ní Agric, Ìkòròdú níbí, Bingo tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni ìkẹta, nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí ojú mi ló ṣe.

Èyí tó dùn mí jù ni ti lílù. Bingo máa ń já síta nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí géètì, á sáré dé títì, ọ̀kadà ń kọjá, Márúwá ń kọjá, àyà mi á já. Màá pè é títí, tó bá wá padà wá màá fi pàṣán nà án, mo rò pé mò ń kọ́ ọ kó má jáde mọ́ ni. Kò pẹ́ tó fi yàtọ̀, tí mo bá ti pè é, òkèèrè ló máa dúró sí, á fi ìrù sáàárín itan, á máa wò mí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ajá ò so ẹgba yẹn mọ́ jíjáde tó jáde, nǹkan tó ṣe kẹ́yìn ló so ó mọ́, ìyẹn sì ni pé ó jẹ́ mi lóhùn. A máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, mi ò tíì rí ẹni tó bi ọdẹ pé kí lo máa ń ṣe fún un nígbà tó bá gbọ́ tó sì wá.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi torí ọmọ mi obìnrin. Ó fọ́ àwo, ó wá bá mi fúnra ẹ̀ pé màmí, èmi ni mo fọ́ ọ o, mo pariwo mọ́ ọn. Èyí tó fọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn fíríìjì ni mo ti bá àfọ́kù ẹ̀.

Tí ajá bá wá nígbà tẹ́ ẹ pè é, kódà kó pẹ́, kódà kí inú máa bí yín, ẹ yìn ín, ẹ fún un ní nǹkan jẹ. Èmi máa ń gé ẹja gbígbẹ tín-ín-tín sápò. Ó gbà mí tó oṣù 2 kó tó tún máa sáré wá, bẹ́ẹ̀ bíbà tí mo bà á jẹ́ ò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ.

Ajá mi àkọ́kọ́, mo ní kí n gba owó oṣù kí n tó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, àìsàn ajá tí wọ́n ń pè ní parvo ti dé ná, èébì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kò tó ọjọ́ 3 tó fi lọ. Mo sunkún gan-an. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n á máa tún un gún títí ọmọ ajá á fi pé bí oṣù 4, ẹ má dúró de owó oṣù.

Ti eégbọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ̀tàpiápiá sí i lára. Ajá máa ń lá ara ẹ̀, oògùn yẹn sì ń gba awọ wọlé. Ti aládùúgbò wa kan, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi kú. Eegun adìyẹ tí wọ́n ti sè náà, ẹ má jù ú fún un, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún un nífun.

Dìgbòlugi wá ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajá nìkan. Tí ajá bá gé èèyàn jẹ, àwọn kan á ti máa wá ewé, wọ́n á máa wá epo pupa. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn lẹ máa fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wá gbéra lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, ẹ má ní ajá ilé ni, torí tí àìsàn yẹn bá ti fara hàn lára èèyàn, agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó yè é. Ọdọọdún ni Bingo ń gba tiẹ̀, káàdì ẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ mi.